Ta Ló Kọ Ọ́?

    

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé ni mo gbé wá. Kì í ṣe ẹ̀rọ tí à ń fi ìka tẹ̀, tó ń kọ ohun tí a bá tẹ̀ sí i. A ti mọ ìyẹn tipẹ́. Èyí tí mò ń sọ, ẹ máa pàṣẹ fún un ni. Ẹ ní kó bá yín kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, ẹ ní kó bá yín kọ ọ̀rọ̀ ìkíni fún ọkọ àti ìyàwó tuntun, kí ẹ tó bu omi mu, ó ti kọ ọ́ tán. AI ni àwọn òyìnbó ń pè é, àwọn ọ̀mọ̀wé wa ń pè é ní ọgbọ́n àtọwọ́dá, ṣùgbọ́n ní ìgboro, ChatGPT ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́, bí a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ẹlẹ́búlẹ́bú ní Omo láìka ẹni tó ṣe é sí. Ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni ilé iṣẹ́ OpenAI ní Amẹ́ríkà gbé ChatGPT síta. Láti ìgbà náà, ó ti wọ inú fóònù àwọn ọmọ wa, ó wọ ọ́fíìsì, ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ó sì ti wọ ilé iṣẹ́ rédíò.

Ibi tó ti kàn mí nìyẹn. Lára iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ ìkéde wò kí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa tó kà á sáfẹ́fẹ́. Ìkéde òkú, ìkéde ìgbéyàwó, ti ọmọ tó sọnù, ti ẹgbẹ́ tó fẹ́ ṣèpàdé. Láyé ìgbà kan, tí mo bá ti ka ìlà méjì, mo ti mọ apá ibi tí ó ti wá. Ìkéde tó wá láti Ìgbò-Ọrà kò jọ èyí tó wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn kan á kọ orúkọ gbogbo ọmọ olóògbé, títí dórí èyí tó ń gbé ní Líbíà. Àwọn kan á gbàgbé ọjọ́ ìsìnkú pátápátá, àmọ́ wọn ò ní gbàgbé oyè tí wọ́n fi bàbá jẹ. Ní báyìí, ohùn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn fi ń sọ̀rọ̀. Bàbá tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe káfíńtà, ìyá tó ta gààrí di arúgbó, olóṣèlú tí a mọ ohun tó ṣe nígbà tó wà nípò, gbogbo wọn ló ti di àpẹẹrẹ ìgboyà, ìrẹ̀lẹ̀ àti ìfaradà. Mẹ́ta-mẹ́ta ni ìwà rere wọn ń tò wá. Ẹni tó bá gbọ́ ìkéde òkú wa lọ́sẹ̀ kan, á rò pé ẹnì kan náà ló ń kú lójoojúmọ́.

Kí wá ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe gan-an? Mo máa sọ ọ́ bó ṣe yé mi, ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà ẹ má bínú. Wọ́n kó ìwé tí kò lóǹkà fún un: ìwé ìròyìn, ìwé ìtàn, ìwé òfin, àríyànjiyàn àwọn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó já gbogbo rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ó sì ń kọ́ èyí tó sábà máa ń tẹ̀ lé èyí. Tí ẹ bá kọ “Ẹ kú”, ó mọ̀ pé ó lè jẹ́ “àárọ̀” ló kàn, ó lè jẹ́ “iṣẹ́”, ó lè jẹ́ “ewu ọmọ”. Ó wo ohun tí ẹ béèrè, ó mú èyí tó dà bíi pé ó bá a mu, ó gbé e kalẹ̀, ó tún wá èyí tó kàn. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí lẹ́tà yóò fi parí. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn èèyàn a jókòó tì í, wọ́n a máa sọ fún un pé èsì yìí dára, tọ̀hún kò dára, kó lè mọ ohun tí à ń fẹ́ gbọ́. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, kò sí ibi tí ó ti di dandan fún un kó wádìí bóyá òótọ́ ni. Àwọn tuntun inú ẹ̀rọ wọ̀nyí lè lọ wo íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó dáhùn, ìyẹn sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ lóòótọ́. Ohun tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì wá ńkọ́?

Yorùbá tó wà níbẹ̀ kò pọ̀, èyí tó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni. Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe parí ní 1884 wà níbẹ̀. Ní ọdún 2019, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ tó kóra jọ sábẹ́ orúkọ Masakhane bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí ẹ̀rọ yóò ṣe máa túmọ̀ àwọn èdè Áfíríkà, ìwé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà wà lára ibi tí wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ tó pọ̀ kó jọ. Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ tí ẹ̀rọ yìí ń sọ Yorùbá bí ẹni tó wá wàásù lẹ́nu ilẹ̀kùn yín ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí ó má yà yín lẹ́nu. Ẹni tó kọ́ ọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí alákàrà ń bá oníbàárà rẹ̀ sọ ní Bódìjà, èébú tí àwọn awakọ̀ ń bú ara wọn ní gáréèjì tó ń pa èrò lẹ́rìn-ín, oríkì tí ìyá àgbà ń kì fún ọmọ tó ń sunkún, ta ló tẹ̀ ẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan fún yín. Ọkùnrin kan, ọmọ bíbí Ọ̀fà, fẹ́ sin bàbá rẹ̀. Ó fi ìkéde ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, ó ní kí a bá òun fi oríkì ìdílé àwọn sí i, oríkì náà sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó gùn, ó tò lẹ́sẹẹsẹ, ó dùn ún wò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ogun ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó bọ́ sórí apó àti ọrun. Ó sọ̀rọ̀ nípa igún tó ń dúró de ẹran ogun. Mo ní, ha! Ìran Oníkòyí nìyí. Àwọn ni a fi ogun kì láyé àtijọ́. Ìjàkadì la fi ń ki ọmọ Olófà, ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó ti onírárà rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bóyá ọfà tí ẹ̀rọ rí nínú orúkọ ìlú ni kò jẹ́ kó rí ọ̀nà lọ, mi ò mọ̀. Mo pe ọkùnrin náà.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o. Ta ló kọ oríkì yìí?”

Ó ní, “Àkọ́bí mi ló bá mi ṣe é lórí fóònù.”

Mo ní, “Ṣé ẹ ti kà á fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí?”

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé nǹkan kan wà níbẹ̀ ni?”

Mo ní, “Nǹkan wà níbẹ̀. Bàbá Olófà lẹ fẹ́ sin, Oníkòyí lẹ ń kì.”

Ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Ó ní kí n dúró, pé àbúrò bàbá òun obìnrin wà nínú ilé níbẹ̀, ìyá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó gbé fóònù fún ìyá. Mi ò tíì kí wọn tán tí wọ́n fi gbà á lẹ́nu mi. Wọ́n ki bàbá yẹn débi tí orí èmi tí kì í ṣe ọmọ Ọ̀fà fi ń wú. Wọ́n dárúkọ bàbá tó bí bàbá olóògbé, wọ́n sọ irú ẹni tó jẹ́, wọ́n fi í ṣẹ̀fẹ̀ díẹ̀, ohùn wọn gbọ̀n níbì kan, wọ́n tún gbé e padà. Fóònù la fi gbà á sílẹ̀, ohùn wọn gan-an la sì gbé sáfẹ́fẹ́. Lọ́jọ́ kejì, àwọn èèyàn ń pe ilé iṣẹ́ wa, wọ́n ń béèrè orúkọ ìyá náà.

Mi ò bá ọmọ tó ṣe é lórí fóònù wí. Ó fẹ́ ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ni. Bàbá kò purọ́. Ẹ̀rọ náà pàápàá, mi ò lè pè é ní òpùrọ́, torí òpùrọ́ mọ òótọ́ kó tó fi pamọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé láàárín ẹ̀rọ náà àti gbogbo ayé tó fẹ́ gbọ́ ọ, kò sí ẹnì kan tó lè fọwọ́ sọ àyà pé, èmi ni mo kọ ọ́, mo sì mọ ohun tí mo kọ. Ọmọ ní ẹ̀rọ ni. Bàbá ní ọmọ ni. Ká ní mo kà á bẹ́ẹ̀, èmi náà á ní oníkéde ni.

Irú ẹ̀ ti sọ àwọn lọ́yà sínú wàhálà rí. Ọkùnrin kan, Roberto Mata, pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Avianca lẹ́jọ́ ní New York. Ó ní kẹ̀kẹ́ irin tí wọ́n fi ń pín oúnjẹ nínú bàálù gbá òun ní orúnkún. Lọ́yà tó ń bá a ṣe é, Steven Schwartz, ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ nídìí iṣẹ́ náà. Ó ní kí ChatGPT bá òun wá ẹjọ́ àtijọ́ tó jọ èyí. Ẹ̀rọ kó ẹjọ́ jọ fún un: orúkọ olùpẹ̀jọ́, orúkọ ilé ẹjọ́, ọdún, gbogbo ẹ̀. Wọ́n kó o lọ síwájú Adájọ́ Kevin Castel. Wọ́n wá àwọn ẹjọ́ náà títí, wọn ò rí wọn. Ó kéré tán, mẹ́fà nínú wọn ni kò ṣẹlẹ̀ láyé yìí rí. Lọ́yà náà tiẹ̀ ti bi ẹ̀rọ léèrè pé ṣé òótọ́ ni ẹjọ́ yìí, ẹ̀rọ ní òótọ́ ni. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, adájọ́ ní kí wọ́n san ìtanràn 5,000 dọ́là.

Apá kan wà nínú ìtàn yìí tí àwọn èèyàn kì í sọ. Schwartz kọ́ ló fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n kó lọ sílé ẹjọ́. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì, Peter LoDuca, ló fọwọ́ sí i, kò sì ka àwọn ẹjọ́ náà kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyà náà kan òun pẹ̀lú. Adájọ́ sọ pé kò sí ohun tó burú nínú kí lọ́yà fi ẹ̀rọ tó ṣeé gbára lé ṣèrànwọ́ fún ara rẹ̀, àmọ́ òfin ti fi àwọn lọ́yà ṣe aṣọ́bodè: ohun tó bá gba ọwọ́ wọn wọlé, àwọn ni kó dáhùn fún un.

Àwa náà ti ní irú òfin yìí tipẹ́. Ẹ̀yin àgbà tó ń gbọ́ mi á rántí àwọn akọ̀wé lẹ́tà tó máa ń jókòó nítòsí posófíìsì àti kọ́ọ̀tù, tábìlì kékeré níwájú wọn, tapíráítà lórí rẹ̀. Àgbẹ̀ tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ á wá bá wọn pé kí wọ́n bá òun kọ̀wé sí ajẹ́lẹ̀. Ìyá tó fẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Kùmásí á jókòó tì wọ́n, á máa sọ̀rọ̀, á máa fi ẹ̀gbẹ́ ìró nu ojú. Akọ̀wé á gbowó, á sì rọ òyìnbó lé e. Òyìnbó ńlá-ńlá o! Ìyá ní kí ọmọ fi owó ilé ránṣẹ́, akọ̀wé á kọ ojú ìwé kan gbáko tó jẹ́ pé ọmọ fúnra rẹ̀ á wá ẹni tí yóò bá a túmọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ ti olóòótọ́ ni wọ́n ń kọ ti ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀sùn èké kan ọmọnìkejì.

Ìjọba òyìnbó wá ṣòfin fún ààbò àwọn tí kò mọ̀wé. Òfin náà ní, ẹnikẹ́ni tó bá kọ lẹ́tà tàbí ìwé mìíràn lórúkọ ẹni tí kò mọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ tirẹ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́. Tó bá ti kọ ọ́ síbẹ̀, ó ti jẹ́rìí sí nǹkan méjì: ìkíní, pé olóhun ló rán òun, ohun tó rán òun gẹ́lẹ́ lòun sì kọ, ìkejì, pé kí olóhun tó tẹ ìka sí i, òun ti kà á fún un, òun sì ti là á yé e. Òfin yìí ò tíì kú. Ẹ bi lọ́yà tó bá mọṣẹ́, á sọ fún yín pé ìwé ilẹ̀ tí arúgbó tẹ ìka sí, tí kò ní gbólóhùn yẹn nísàlẹ̀, lè dojú ẹjọ́ délẹ̀.

Mo fẹ́ràn òfin yẹn gan-an. Akọ̀wé mọ̀wé ju olóhun lọ, síbẹ̀ òfin kò jẹ́ kó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Olóhun náà kò sì lè sọ lọ́la pé òun kò mọ ohun tó wà níbẹ̀, torí wọ́n ti kà á sí i létí. Ẹni méjì, orúkọ méjì, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ti máa rí wọn mú tí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ. Akọ̀wé tí a gbà lóde òní ńkọ́? Kò ní àdírẹ́sì. Kò ní tábìlì nítòsí kọ́ọ̀tù. Kì í kà á padà fún ẹnikẹ́ni àyàfi tí a bá ní kó kà á. Ẹni tó sì rán an níṣẹ́, kì í ṣe ìyá tí kò lọ ilé ìwé mọ́. Ẹni tó gba digirí méjì ló ń tẹ ìka sí ìwé tí kò kà.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lò ó. Èmi náà ń lò ó. Lẹ́tà tí mo bá fẹ́ kọ sí ilé iṣẹ́ ńlá lédè òyìnbó, ó ń bá mi tún un ṣe. Àkọsílẹ̀ ìpàdé tó gùn bí ọ̀nà Ṣakí, ó ń bá mi ké e kúrú. Mo mọ ìyá kan tó ń ta aṣọ, tí kì í lè dá oníbàárà rẹ̀ tó wà ní London lóhùn lédè òyìnbó tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ó ń sọ̀rọ̀ sí fóònù, fóònù ń bá a kọ ọ́, owó sì ń wọlé. Ta ni mo jẹ́ tí màá fi ní kó padà sí ti tẹ́lẹ̀? Kìkì pé ìyá yìí a máa ní kí ọmọ rẹ̀ ka lẹ́tà náà fún òun lédè Yorùbá kó tó lọ. Kò sẹ́ni tó sọ òfin akọ̀wé fún un, ọgbọ́n ọjà ló fi mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mo fẹ́ kí a jókòó lé. Ẹ lọ sí Agbowó, níwájú yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn tó ń tẹ próójẹ́ẹ̀tì fún akẹ́kọ̀ọ́ nínú àwọn bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ibẹ̀, iṣẹ́ wọn tẹ́lẹ̀ ni láti ka ọwọ́ ìkọ̀wé tó dà bí ìrìn èèrà, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́ ìsinsìnyí, inú fóònù ni tirẹ̀ ti ń wá, títẹ̀ jáde lásán ló kù. Àwa tó ń kọ ìpolówó náà rí i. Ẹni tó ń ta àga, ẹni tó ń ta agbo, tí wọ́n máa ń sanwó fún wa ká tó kọ ọ̀rọ̀, ká tó wá ẹni tí yóò sọ ọ́, wọ́n ti ń ṣe é nínú pálọ̀ wọn. Ẹ̀rọ ń kọ ọ́, ẹ̀rọ ń sọ ọ́. Mi ò ní tàn yín: èyí tó dára wà nínú rẹ̀. Ó dùn mí lápò, àmọ́ ó dára. Èyí tí kò dára rárá ni àwọn tó ń jí ohùn olóhùn lò. Ẹ ti rí i lórí Facebook, olóòtú ìròyìn tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo wa mọ̀ tó ń polówó òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Òun kọ́ o. Ẹ má fi òògùn dókítà yín sílẹ̀ torí ẹ.

Ìpolówó tó bọ́ lọ́wọ́ mi kọ́ ló ń jẹ́ kí n ronú jù. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ni. Ìkéde òkú ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́. Ọ̀gá mi á mú bírò pupa, á fa ìlà sí i, á ní, “Ṣé àrẹ̀mọ ni ọmọ yìí àbí àbíkẹ́yìn? Wọ́n ní olóògbé kú ní ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún, o wá kọ ‘ikú dóró’ sí i. Ikú dóró báwo? Pe ilé wọn padà.” Mo máa pe ilé wọn padà. Nínú pípe ilé olókùú ni mo ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdílé kan àti èkejì, ibẹ̀ ni mo ti mọ oríkì, ibẹ̀ ni mo ti mọ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní Èkìtì lè dìjà ní Ẹ̀gbá. Iṣẹ́ kéékèèké tí kò ní ògo ni. Iṣẹ́ yìí gan-an ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ gbà. Ọ̀gá tó ní òye kò ní pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ lónìí, torí ó ṣì ń tún iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe. Ọmọ tó yẹ kó wá kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ni wọn ò gbà mọ́, wọ́n ní kí ló fẹ́ wá ṣe? Lọ́jọ́ tí èmi bá lọ, ta ló máa mọ̀ pé Oníkòyí ni wọ́n ń kì fún Olófà?

Ní Amẹ́ríkà, àwọn òǹkọ̀wé fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n yanṣẹ́ lódì ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Wọ́n tó bíi 11,500. Ọjọ́ 148 ni wọ́n fi wà lójú títì kí àwọn iléeṣẹ́ tó gbà. Owó wà nínú ohun tí wọ́n ń jà fún, ẹ̀rọ náà sì wà níbẹ̀. Wọn ò ní kí wọ́n sun ẹ̀rọ níná. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ni pé a kò lè ka ẹ̀rọ sí òǹkọ̀wé. Iléeṣẹ́ kò lè fi tipá mú òǹkọ̀wé lò ó. Tí wọ́n bá sì gbé ohun tí ẹ̀rọ kọ fún un, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Ẹ gbọ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Bí òfin akọ̀wé lẹ́tà wa ṣe rí náà nìyẹn. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tó lágbára, ìdí tí wọ́n fi rí i gbà nìyẹn. Àwa tó ń kọ̀wé lédè Yorùbá ńkọ́? Ẹgbẹ́ wa wà, ìpàdé ló ń ṣe.

Àwọn kan wà tó ṣiṣẹ́ fún ẹ̀rọ yìí, tí a ò ní rí orúkọ wọn níbì kankan. Ìwé ìròyìn Time gbé e jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2023 pé àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Kẹ́ńyà, tí ilé iṣẹ́ Sama gbà sídìí iṣẹ́ OpenAI, ń gba owó tí kò tó dọ́là méjì ní wákàtí kan. Ohun tí wọ́n ń kà látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìpànìyàn, ìfipábánilòpọ̀, ohun tí wọ́n ń fi ọmọdé ṣe tí kò ṣeé sọ lórí rédíò. Wọ́n á máa fi àmì sí i, kí ẹ̀rọ lè mọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọ jáde lẹ́nu. Tí ẹ̀rọ bá dá yín lóhùn pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, ẹ rántí pé ẹnì kan ní Nairobi ti ka ìdọ̀tí náà kó má bàa dé ọ̀dọ̀ yín. Ní ọdún 2024, ẹni tó bá fẹ́ èyí tó lágbára ju ti ọ̀fẹ́ lọ nínú ChatGPT, 20 dọ́là lóṣù ni wọ́n ń gbà. Ẹ ṣírò ẹ̀ sí náírà, kí ẹ wá gbé e síwájú owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù, 70,000 náírà tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 2024.

Àwọn tí wọ́n kó ìwé wọn bọ́ ẹ̀rọ ti ń béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Ní ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Anthropic, tó ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Claude, gbà láti san bílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là fún àwọn òǹkọ̀wé tó pè é lẹ́jọ́ pé ó kó ìwé àwọn láti ibi tí wọ́n ń jí ìwé tò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó tó bíi 3,000 dọ́là lórí ìwé kọ̀ọ̀kan. Owó ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìwé tí kò bá ti ní ìforúkọsílẹ̀ ní ọ́fíìsì ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ní Amẹ́ríkà kò sí nínú rẹ̀. Ẹ wá sọ fún mi, mélòó nínú ìwé Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ní Ìbàdàn ló ní orúkọ ní Washington? Ìjọba àpapọ̀ wa náà fi ẹ̀rọ kan hàn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, N-ATLAS ni wọ́n pè é, wọ́n ní ó gbọ́ Yorùbá, Haúsá, Ígbò àti òyìnbó ẹnu wa. Inú mi dùn sí i. Àwọn tí ohùn wọn bá máa wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, kí wọ́n rí nǹkan gbà, kí wọ́n sì kọ orúkọ wọn síbẹ̀. Ìyá Ọ̀fà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní orúkọ.

Ó dáa, àkókò ti ń lọ. Ẹ̀yin ọ̀gá tó ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin tó ní ilé ìtẹ̀wé, ẹ̀yin tó ń ṣe fíìmù tí ẹ ń wá ẹni tó máa kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ gba ọmọ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ ti àkọ́kọ́ tó bá wù yín, kí ọmọ náà jókòó tì í, kó máa wá àṣìṣe inú rẹ̀, kó máa pe ilé onílé padà. Ẹ sanwó fún un. Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ yín bá fi fóònù ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ má kọ́kọ́ na ọmọ. Ẹ ní kó pa fóònù dé, kó sọ ohun tó kọ fún yín lẹ́nu. Ẹ ó mọ̀ bóyá òun ló ni ín.

Àti ẹ̀yin tó ń fi ìkéde ránṣẹ́ sí wa. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo ìkéde tó bá dé tábìlì mi gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ nísàlẹ̀, ì báà jẹ́ ọwọ́ lẹ fi kọ ọ́, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ lẹ rán. Tó bá jẹ́ ìkéde òkú tó ní oríkì nínú, ẹ kọ orúkọ àgbà kan nínú ẹbí tí ẹ ti kà á fún, a ó pè é. Èyí tí kò bá ní orúkọ, a ò ní kà á.